Òkè Tí Ẹnikẹ́ni Ò Rán Mi Lọ

Orúnkún mi ọ̀tún ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé mo ti ń dàgbà. Mo lọ ya fọ́tò ìsọmọlórúkọ kan ní Brooklyn, mo kúnlẹ̀ kí n lè rí ojú ọmọ náà dáadáa, mi ò sì lè dìde mọ́ títí bàbá ọmọ fi na ọwọ́ sí mi. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo dé inú ọkọ̀ ojú irin, mo gbé ọwọ́ lé orúnkún náà, mo sì bi í pé, "Ṣé o máa jẹ́ kí n gun òkè kan tán?"

Lóòótọ́, òkè kan wà níwájú mi. Láti ìgbà tí mo ti jáde ilé ẹ̀kọ́ girama, tí mo sì wọ ilé fọ́tò ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní Abẹ́òkúta, ni mo ti ń ya fọ́tò. Níbí, àwọn arúgbó ni mò ń tọ́jú láàárín ọ̀sẹ̀, mo sì ń gbé kámẹ́rà kọ́rùn ní Sátidé. Nínú gbogbo fọ́tò tí mo ti yà, kò sí èyí tí ẹnì kan kò rán mi: ìyàwó, ìyá ọmọ, olókùú. Nígbà tí mo darapọ̀ mọ́ àwọn àgbà ayafọ́tò kan tó ń pàdé ní ilé ìkàwé àdúgbò wa, tí olórí wọn sì ní a máa gun òkè kan níhà àríwá ìlú, kí a lè ya àfonífojì àti odò láti òkè nígbà tí ewé bá pọ́n, ńṣe ni ọkàn mi fò fáyọ̀. Mo fẹ́ ya fọ́tò kan tí kò sí ẹni tó ń retí rẹ̀.

Olórí wa yìí, ìyá òyìnbó kan ni, tínrínrín, ó jù mí lọ lọ́jọ́ orí. Kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Ó sọ fún wa pé ibì kan wà lójú ọ̀nà tí a máa fi ọwọ́ di àpáta mú bí ẹni tó ń gun igi, àti pé ẹni tí kò bá lágbára tó yóò dúró ti mọ́tò nísàlẹ̀. Ó ní kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi mọ̀ pé bí mo bá dúró ti mọ́tò lọ́dún yìí, orúnkún mi kò ní jẹ́ kí n gùn ún lọ́dún mìíràn.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ ìmúrasílẹ̀. Mo pa lífítì ilé wa tì. Mo di ẹ̀wà sínú báàgì kámẹ́rà kó lè wúwo, mo sì ń gun àtẹ̀gùn lọ sókè, mo ń sọ̀ bọ̀. Bí ọjọ́ ìsinmi bá dé, mo ń lọ sí ọgbà kan ní Harlem tí àpáta ńlá wà láàárín rẹ̀. Abẹ́ àpáta ni wọ́n bí mi sí. Kò yẹ kí òkúta bà mí lẹ́rù. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ pé gígùn kọ́ ló ń dun orúnkún, sísọ̀ kalẹ̀ ni. Mo kọ́ pé kí n jẹ́ kí ohun tó wúwo jù súnmọ́ ẹ̀yìn mi. Lẹ́ńsì gígùn tí mo fẹ́ràn jù, mo gbé e sílé. Olórí wa sì kìlọ̀ fún wa pé kí a jẹun kí a tó wá, kí a sì máa jẹ bí a bá ṣe ń lọ.

Ọjọ́ Àìkú ni ìrìn náà bọ́ sí, nítorí náà mo lọ sọ fún Ìyá Ìjọ wa. Òun ló gbà mí sílé ní East Flatbush nígbà tí mo dé ìlú yìí. Pálọ̀ rẹ̀ ni mo sùn títí mo fi rí yàrá tèmi.

"Mọ́mì," mo ní, "mi ò ní lè wá ní Sunday tó ń bọ̀ lọ́hùn-ún. Mò ń lọ sórí òkè."

Ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú. "Orí òkè? Ìwọ? Olúwa, o ṣeun!"

Mo ya ẹnu láti ṣàlàyé, àwọn akọrin sì bẹ̀rẹ̀ orin. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa, kò sẹ́ni tó ń lọ sórí òkè nítorí fọ́tò. Àdúrà ni wọ́n ń bá lọ. Kí ìsìn tó parí, ọ̀rọ̀ ti kárí.

"Sista," ọkùnrin kan tó ń wa táàsì dá mi dúró, "ẹ bá mi sọ fún Bàbá pé táàsì yìí ti sú mi o."

"Ẹ fi tèmi kún un," obìnrin kan ní, "ìwé ìgbélùú mi. Ẹ ṣáà dárúkọ mi, Ó mọ ìyókù."

Olórí akọrin na ìka sí mi, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ wo èèyàn jẹ́jẹ́! Àṣé bí wọ́n ṣe ń dákẹ́ yẹn, inú àwẹ̀ ni wọ́n wà!"

Mo di kámẹ́rà mọ́ àyà, mo ní màá gbìyànjú. Inú mi kò dùn. Ohun kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni kò rán mi, wọ́n ti sọ ọ́ di iṣẹ́ kí n tó dé ẹnu ọ̀nà.

Ẹnu ọ̀nà yẹn gan-an ni Ìyá Ìjọ jókòó sí. "Àwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta," ó ní. "A kì í gbé ikùn kíkún gun òkè Ọlọ́run. Nígbà tí ẹsẹ̀ mi ṣì jẹ́ tèmi, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń ṣe é."

"Ẹ ṣé, Mà," ni mo wí. Ẹnu mi ti gbà kí èmi fúnra mi tó mọ̀.

Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ìrìn, olórí wa kó wa lọ dánra wò lórí òkè kékeré kan. Mo ní kí n kúkú fi àwẹ̀ náà dánra wò pẹ̀lú, kí n mọ̀ bóyá ara mi á gbà á. Kò gbà á. A kò tíì dé ìdajì nígbà tí òòyì kọ́ mi, ojú mi ṣú, mo sì jókòó sórí ewé bí ẹni tí wọ́n já okùn rẹ̀.

"Kí lo jẹ láàárọ̀?" olórí wa bi mí.

"Omi."

Ó bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún mi, ó dúró títí mo fi jẹ ẹ́ tán. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ́ láìpariwo pé bí mo bá tún wá bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ òkè ńlá, ọ̀dọ̀ mọ́tò ni màá wà.

Ọ̀dọ̀ Ìyá Ìjọ ni mo gbà lọ tààrà láti ibẹ̀. Ó rí ìdọ̀tí lára ṣòkòtò mi. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

"Kò burú," ó ní. "Èmi á gba àwẹ̀ náà fún ọ."

"Mọ́mì, ẹ̀yin tí ẹ ní àtọ̀gbẹ! Oògùn yín ńkọ́?"

Ó wò mí dáadáa. "Kí lo tiẹ̀ fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀ gan-an?"

"Fọ́tò ni, Mà."

"Fọ́tò ta ni?"

"Kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Mo kàn fẹ́ wo ibẹ̀, kí n yà á."

Mo retí ìbáwí. Ó ń fi ọwọ́ pa orúnkún tirẹ̀, èyí tó ti wú fún ọdún púpọ̀.

"Nígbà tí mo wà nínú oyún àkọ́bí mi," ó sọ níkẹyìn, "mo lọ sórí òkè. Bàbá tó ń ṣọ́ ìsàlẹ̀ bi mí bóyá mo ti jẹun. Mo ní àwẹ̀ ni mò ń gbà. Ó lé mi padà! Ó ní ẹni tó gbé èèyàn sínú kì í gbààwẹ̀, pé òun kò fẹ́ máa gbé ẹnikẹ́ni sọ̀ kalẹ̀." Ó tẹjú mọ́ mi. "Ìwọ náà, ta lo gbé?"

"Oní-táàsì. Oníwèé. Àwọn akọrin." Mo wo orúnkún rẹ̀. "Ẹ̀yin náà, Mà."

"Ó dáa. Oyún ni."

"Mọ́mì! Ní ọjọ́ orí mi yìí?"

"Oyún ni mo wí. Bí ẹnikẹ́ni bá bi ọ́, ní èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Lọ ṣí ìkòkò yẹn."

Mọ́ínmọ́ín ló wà níbẹ̀. Ó jókòó tì mí títí mo fi jẹ méjì, ó sì di òmíràn fún mi lálẹ́ tó ṣáájú ìrìn. Mo yọ lẹ́ńsì àfikún kan ṣoṣo tó kù, mo sì fi mọ́ínmọ́ín dípò rẹ̀ nínú báàgì.

Mo gun òkè náà. Ní ibi àpáta, orúnkún mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo jókòó, mo jẹun, mo tún di òkúta mú. Nígbà tí mo dé òkè pátápátá, odò náà wà nísàlẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá. Fọ́tò ni mo kọ́kọ́ yà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo dárúkọ àwọn tó rán mi lọ́kọ̀ọ̀kan, mi ò sì fi ẹnì kan sílẹ̀. Kò wúwo bí mo ṣe rò.

Mo tẹ fọ́tò náà sórí bébà ńlá, mo sì gbé e lọ fún Ìyá Ìjọ. Ó wọ awò ojú rẹ̀. Ó wò ó pẹ́.

"Kò sí èèyàn níbẹ̀."

"Kò sí, Mà."

Ó gbé ìka lé etí ìsàlẹ̀ fọ́tò náà, níbi tí àpáta ti bẹ̀rẹ̀. "Ṣé ibí yìí lo dúró sí?"

"Ibẹ̀ gan-an ni, Mà."

"Hẹn-ẹn," ó ní, kò gbé ìka náà kúrò. "Sún díẹ̀ fún mi, kí èmi náà rí ibi dúró sí."