Ó Ti Kó Lọ

Yàrá kan ni mo ní ní Sábó, inú rẹ̀ náà ni mo ti ń ránṣọ. Lándílọ́ọ̀dù kò gbà kí n gbé pátákó síta, nítorí náà, oníbàárà tuntun tó bá ń wá mi ní láti béèrè lọ́wọ́ ìyá tó ń ta kẹrosíìnì lẹ́nu ọ̀nà wa. Ayálégbé bíi tèmi ni. Àràárọ̀ ni mò ń kúnlẹ̀ kí i.

Ẹni tó ránṣọ Kérésìmesì lọ́dọ̀ ẹ, ó lè di Àjíǹde kó tó rántí ẹ, nítorí náà, wíwá oníbàárà kì í tán. Mo máa ń fi téèpù ìwọnṣọ kọ́rùn rìn lọ sí ọsibítù Ìdí-Àràbà kí àwọn nọ́ọ̀sì lè rí mi. Wọ́n á béèrè ilé mi, wọ́n á ṣèlérí, n kò sì ní í rí ẹnì kankan. Oṣù mẹ́ta gbáko ni ẹ̀rọ mi ń wò mí, tí èmi náà ń wò ó. Mo rò pé iṣẹ́ mi ni kò dára tó.

Àfi ìgbà tí nọ́ọ̀sì kan rí mi lọ́jà.

"Àǹtí, ṣé ẹ̀yin náà rèé? Màmá oníkẹrosíìnì ní ẹ ti kó lọ. Wọ́n ní ká lọ bá ọmọ àbúrò àwọn tó ń ránṣọ ní Mushin."

Inú bí mi gan-an. Ṣùgbọ́n a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Mo ń kúnlẹ̀ kí ìyá bíi ti tẹ́lẹ̀, mo kàn sọ fún àwọn nọ́ọ̀sì pé kí wọ́n máa gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Wọ́n ń mú ara wọn wá. Ìyá kò mọ nǹkan kan. Ó tilẹ̀ kẹ́dùn fún mi lọ́jọ́ kan pé, "Ọmọ mi, o mà ń rù o." Mo ní, "Ẹ ṣé, mà."

Ó wá ku ọjọ́ méjì kí ọmọbìnrin rẹ̀ ṣègbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá kan ilẹ̀kùn mi, aṣọ ìyàwó lọ́wọ́. Ọmọ àbúrò rẹ̀ ti gé apá òsì méjì sí i.

"Ọmọ mi, jọ̀wọ́, gbà mí."

Téèpù wà lọ́rùn mi, aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì kún orí bẹ́ẹ̀dì lẹ́yìn mi, ó sì ń rí gbogbo rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ dáadáa.

"Màmá, aránṣọ yẹn ti kó lọ. Ẹ lọ bá ọmọ àbúrò yín ní Mushin."

Mo rọra ti ilẹ̀kùn.

Ìborùn ni ọmọbìnrin náà fi bo apá rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Òun kò ṣẹ̀ mí, àánú rẹ̀ ṣe mí díẹ̀. Ti ìyá rẹ̀ kò tíì ṣe mí títí dòní.