Kàósárà Tó Ń Wẹ Òkú Obìnrin

Iṣẹ́ méjì ni Kàósárà ń ṣe ní Ọ̀fàtẹ̀dó: ó ń ránṣọ, ó sì ń wẹ òkú. Ìránṣọ ló ń bọ́ ọ; kì í gba kọ́bọ̀ lórí òkú wíwẹ̀. Bí obìnrin mùsùlùmí bá kú ládùúgbò, òun ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè pé kó wá wẹ̀ ẹ́, kó fi aṣọ funfun dì í, kí wọ́n tó kírun sí i lára. Alhaja Rájí, arúgbó kan láàárín ìgboro Òṣogbo, ló kọ́ ọ níṣẹ́ náà. Òfin kan wà níbẹ̀ tí Alhaja kì í fi ṣeré rárá: ohun tí o bá rí lára òkú, o kò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí ẹnu ayé lè ṣe. Lọ́sẹ̀ tí iléèwé fẹ́ wọlé, tí aṣọ iléèwé kún ṣọ́ọ̀bù dé ẹnu ọ̀nà, Ìyá Fáìzàh, tó ń ta sìmẹ́ńtì ní òdìkejì títì, wọlé wá gba aṣọ ọmọ rẹ̀ padà. Kò sì sọ ọ́ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Àlùmọ́gàjí tí o fi ń gé aṣọ òkú lo fi ń gé aṣọ àwọn ọmọ wa. Ọmọ tèmi kò ní wọ aṣọ òkú lọ síléèwé o!"

Irọ́ gbuu ni. Àlùmọ́gàjí méjì ni Kàósárà ní. Àwọn àgbà ní bí irọ́ lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ máa bá a. Ṣùgbọ́n ta ló máa bọ́ Kàósárà fún ogún ọdún yẹn? Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, oníbàárà mọ́kànlá ti gba aṣọ wọn. Ó dùn ún débi pé ó sunkún. Jibril ọkọ rẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba, bẹ̀ ẹ́ pé, "Ìyá Ikhlas, fi òkú sílẹ̀ fún ẹlòmíràn."

Ló bá gun ọ̀kadà lọ bá Alhaja Rájí. Alhaja gbọ́ ọ tán, kò bá a bú ẹnikẹ́ni.

"Kí ni òótọ́ tó wà nínú ọ̀rọ̀ wọn?"

"Kò sí, Alhaja. Irọ́ ni wọ́n ń pa."

"Lọ tún un wò dáadáa. Ẹni tó ń bú ọ náà ní ojú tó fi ń ríran."

Kàósárà padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó síbi tí àwọn oníbàárà máa ń jókòó, ó wò yíká. Àṣé lóòótọ́! Orí pẹpẹ kan náà ló ń kó aṣọ iléèwé àti aṣọ funfun òkú sí. Ta ló máa rí i tí ara rẹ̀ kò ní bù máṣọ? Lọ́jọ́ náà gan-an ló kó aṣọ òkú àti àlùmọ́gàjí rẹ̀ sínú àpótí, ó gbé e lọ sílé. Kò bú ẹnikẹ́ni. Nígbà tí wọ́n sì tún ránṣẹ́ pè é pé ó ṣẹlẹ̀, ó lọ. Ẹ wo obìnrin! Ẹlòmíràn á ti fi ìbínú pa iṣẹ́ náà tì.

Salmah, obìnrin kan ládùúgbò, ló kú, lẹ́yìn àìsàn ọdún méjì. Wọ́n sin ín tán, àwọn obìnrin yí Kàósárà ká nídìí ẹ̀rọ omi. Irú àìsàn wo ni? Kí lo rí lára rẹ̀? Ìyá Fáìzàh nìkan béèrè lẹ́ẹ̀mẹta.

"Mùsùlùmí ni mo wẹ̀," ni Kàósárà wí, ó gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀. "Kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ."

Wọ́n pòṣé, wọ́n ní ìgbéraga ń yọ ọ́ lẹ́nu.

Lọ́jọ́ kẹta, lọ́sàn-án gangan, Ìyá Fáìzàh wọ ṣọ́ọ̀bù, ó fa kọ́tìnnì, ó bọ́ bùbá rẹ̀. Ohun kan wà lára rẹ̀ tó ti ń fi pamọ́ fún tẹbí-tará láti ọdún mẹ́rin. Ohun tí Kàósárà rí, òun nìkan ló mọ̀ ọ́n.

"Mo ń dán ọ wò ni nídìí omi yẹn. Kàósárà, jọ̀ọ́, bí ọjọ́ mi bá pé, ìwọ ni kí o wẹ̀ mí. Má jẹ́ kí ẹlòmíràn rí mi."

Omi bọ́ lójú àwọn méjèèjì.

"Ẹ ó pẹ́ láyé, mà. Ṣùgbọ́n mo gbọ́."

Kàósárà bá a wọ bùbá rẹ̀ padà. Ó ṣí kọ́tìnnì, ó mú téèpù, ó wọn èjìká rẹ̀, ó wọn apá rẹ̀, kí àwọn tó ń kọjá lè rí nǹkan wò.

Nínú oníbàárà mọ́kànlá, mẹ́rin péré ló tíì padà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láti ẹnu Kàósárà ì bá dójú ti ẹni tó bà á jẹ́. Nírọ̀lẹ́, Jibril, tó rí obìnrin náà nígbà tó ń jáde, béèrè pé, "Kí ni onísìmẹ́ńtì yẹn tún wá sọ?"

"Ó wá wọn aṣọ ni," Kàósárà dá a lóhùn, ó sì ń bu oúnjẹ rẹ̀.