Fọ́tò Ọkọ̀ Tó Gun Orí Àpáta

Bí mo bá ṣe sọ ọ́ ni kí o kọ ọ́, má fi nǹkan kan kún un.

Fọ́tò tí o rí nínú àpótí mi, tí o ní o fẹ́ fi sí férémù kí a gbé e kọ́ sí pálọ̀ ilé wa ní Ìbafò yìí, mi ò fẹ́. Mo gbọ́ tí o ń sọ fún àwọn àbúrò ẹ pé ọkọ̀ tó pa bàbá mi nìyẹn. Ta ló sọ fún ẹ pé ó pa á?

Ifọ̀ la wà nígbà yẹn. Bàbá mi bá ọkọ̀ ẹrù lọ, ọkọ̀ ojú omi eléèéfín, òun ló ń kó èédú sínú iná ẹ̀rọ ẹ̀. Ó pẹ́, a ò gbúròó ẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ọ̀sán gangan, àbúrò ẹ̀ dé, ó ń sunkún. Ó na fọ́tò yìí sí ìyá mi. Ọkọ̀ ńlá, ó gun orí àpáta létí òkun, ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀.

"Ìyàwó, ọkọ̀ tí ẹ̀gbọ́n mi bá lọ rèé. Kò sẹ́ni tó yè. Mo ti ránṣẹ́ pe àfáà, wọ́n á kírun sí i lára lónìí. Kí o bẹ̀rẹ̀ opó."

Láyé ìgbà yẹn, bí obìnrin bá ṣopó tán, àbúrò ọkọ ló máa ń ṣú u lópó. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀.

Ìyá mi ò sunkún. Ó gbé fọ́tò jáde sínú oòrùn, ó wò ó títí.

"Ọkọ mi," bí ìyàwó ilé ṣe ń pe àbúrò ọkọ nìyẹn, "àwọn wo ló dúró lórí àpáta yìí?"

"Àwọn tó wá wòran ni."

"Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn débẹ̀?"

"Ó jọ bẹ́ẹ̀."

"Bí ẹni tó wá wòran bá lè fẹsẹ̀ rìn dé ìdí ọkọ̀, kí ló dé tí ẹni tó wà nínú ẹ̀ ò lè fẹsẹ̀ rìn jáde?"

Ìyá mi nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà.

"Àti àpótí aṣọ tí ẹ gbé sẹ́nu ọ̀nà wa yẹn, òun náà wá kírun ni?"

Nígbà tí àfáà fi máa dé, àbúrò bàbá mi ti gbé àpótí ẹ̀, ó ti lọ. Kò dúró gba fọ́tò.

Bàbá mi ò padà wá o. Ṣùgbọ́n títí ìyá mi fi kú, kò wọṣọ opó. Àràárọ̀ ló ń pọnmi sí bútà tí bàbá mi fi ń ṣe àlùwàlá.

Bóyá àbúrò bàbá mi purọ́ ni o, bóyá wọ́n parọ́ fóun náà ni, mi ò mọ̀. Mo ṣáà gbé àpótí ẹ̀ yẹn wò kó tó gbé e lọ, ó wúwo. Kì í ṣe aṣọ ìsìnkú nìkan ló wà níbẹ̀.

Bí a bá gbé fọ́tò yìí kọ́, a ti kírun sí bàbá mi lára nìyẹn. Dá a padà síbi tí o ti rí i. Dojú ẹ̀ délẹ̀.