Orúkọ Tí Emrys Pugh Yá Ọmọ Ọlọ́mọ

Ilé iṣẹ́ páànù ni Emrys Pugh ti ń jẹun ní ìlú Corwin Falls, ní ìpínlẹ̀ Ohio. Òun ni ó máa ń fi ẹ̀mú gbá irin pupa mú láti ojú iná, tí yóò tì í bọ àárín òpó irin méjì tí ń yí, títí irin náà yóò fi fẹ́lẹ́ bí ewé. Ooru ti jó irun ìpéǹpéjú rẹ̀ dànù. Ọmọ Wales ni bàbá rẹ̀, Ithel, tí ó ti wa èédú títí ó fi fẹ̀yìn tì sí ìlú Carrow, níbi tí ọkọ̀ ojú irin máa ń gbé ènìyàn dé láàárín wákàtí mélòó kan.

Ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, Emrys a máa gbá bọ́ọ̀lù fún ìlú rẹ̀. Bọ́ọ̀lù tiwọn gùn gbọọrọ. Abẹ́ apá ni wọ́n ń gbé e sí sáré, àwọn alátakò yóò sì máa ya lu ẹni tí ó gbé e títí yóò fi ṣubú. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Emrys fi ń sáré báyìí, kí orókún rẹ̀ tó yẹ̀ ní ọdún 1907.

Ní àkókò yẹn, àwọn ìlú tí ó fẹ́ borí ti ń fi owó fa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì wọlé ní bòókẹ́lẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ọwọ́ bá tẹ̀ pé ó gba owó gbá bọ́ọ̀lù, lílé ni wọn yóò lé e. Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ yóò wọ ọkọ̀ wá ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, yóò yá orúkọ ọmọ ìlú kan lò ní ọjọ́ Àìkú, yóò sì ti padà sí kíláàsì ní ọjọ́ Ajé. Gbogbo ìlú ni ó mọ̀, kò sì sí ẹni tí ó kà á sí ẹ̀ṣẹ̀.

Strack, ẹni tí ó ni ilé ọtí tí ó sì ń darí ẹgbẹ́ náà, ni ó wá bá Emrys.

“Emrys, orókún ẹ ti darúgbó jù ẹ́ lọ. Àmọ́ orúkọ ẹ ṣì lágbára. Yá wa lò.”

“Ta lẹ fẹ́ gbé e wọ̀?”

“Ọmọkùnrin kan báyìí. Tó bá ń sáré, wàá rò pé wọ́n fi ajá lé e ni. Ìwọ máa mu kọfí ẹ, òun á máa bá ẹ gbayì.”

Emrys rẹ́rìn-ín, ó sì gbà.

Merritt Sayle ni orúkọ ọmọ náà. Iṣẹ́ dókítà ni ó ń kọ́, ìyá rẹ̀ tí ó jẹ́ opó sì ń fi ẹran ọ̀sìn tọ́ ọ ní oko kan ní apá àríwá. Ilé Emrys ni ó máa ń sùn sí. Bí ó bá ti jókòó ti ọbẹ̀ ọ̀dùnkún ni yóò bẹ̀rẹ̀ yẹ̀yẹ́.

“Bọ̀dá Emrys, mo ti fi orúkọ yín ṣe bẹbẹ lónìí o. Ẹ má bà á jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ níbi iṣẹ́.”

“Jẹun, jàre! Orúkọ tí mo ti fi ọdún mẹ́wàá jìyà fún lórí pápá kí o tó gbọ́ ọ.”

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí Emrys kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ithel máa ń ka ìwé ìròyìn. Bí ó bá ti rí i pé Pugh ti Corwin Falls tún gbé bọ́ọ̀lù wọlé, yóò mú ìwé náà lọ sí ilé onígbàjámọ̀, yóò sì ní kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Nígbà tí Emrys lọ kí i, inú bàbá náà dùn dé ẹ̀yìn etí.

“Ìwọ ọmọ yìí! Pẹ̀lú orókún ẹ yẹn? Kí lò ń jẹ?”

Ó yẹ kí Emrys sọ òtítọ́ níbẹ̀. Ó wo ojú bàbá rẹ̀, ó ní, “Bàbá, Ọlọ́run ni.” 

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1908, ilẹ̀ pápá ti dì gbagidi. Wọ́n gbá Merritt lulẹ̀, orí rẹ̀ sì gbá ilẹ̀ gidigidi. Bí wọ́n ti ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ó di ọwọ́ Emrys mú.

“Bọ̀dá Emrys, ẹ má dárúkọ mi o. Tí wọ́n bá gbọ́ nílé ìwé, ó parí.”

Ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn, Emrys ní, “Ẹ jẹ́ ká tẹ wáyà sí ìyá ẹ̀.”

“Ṣé o fẹ́ ba ayé ọmọ náà jẹ́ ni?” ni Strack dáhùn. “Ṣebí ìwọ náà gbọ́ ohun tó sọ. Á jí lọ́la, á bèèrè ẹran.”

Emrys kò tẹ wáyà náà. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé àṣírí ọmọ náà ni òun ń bò. Síbẹ̀, ògiri onígbàjámọ̀ ni ó ń rí, àti ọwọ́ bàbá rẹ̀ tí ń já ìwé kúrò níbẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó lọ sí ibi iṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé. Kò yà sí ilé ìwòsàn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ó tó lọ. Ó bá arúgbó kan ní ẹ̀gbẹ́ ibùsùn náà, tí ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ aláìsàn mú, tí ó ń fi èdè Wales kọrin jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ithel ni. Ó ti kà á nínú ìwé ìròyìn pé Pugh farapa gidigidi, ó sì ti wọ ọkọ̀ àkọ́kọ́. Wọ́n ti fi aṣọ wé gbogbo orí àti ojú ọmọ náà. Ibùsùn Pugh ni nọ́ọ̀sì fi hàn án, ibẹ̀ náà ni ó sì jókòó sí.

Ó gbé ojú sókè. Ó wo ẹni tí ó dúró, ó tún wo ẹni tí ó dùbúlẹ̀.

“Emrys?”

“Èmi ni, Bàbá.”

“Ta wá ni mo ti ń dì mú láti àárọ̀?”

Emrys sọ gbogbo rẹ̀. Bàbá náà kò fi ọwọ́ ọmọ náà sílẹ̀.

“Gbogbo eré tí mo ń kà yẹn, ìwọ kọ́?”

“Èmi kọ́, Bàbá.”

“Ìyẹn á tán lára mi. Ọmọ yìí ní ìyá?”

“Ó ní.”

“Ṣé ó ti gbọ́?”

“Kò tíì gbọ́, Bàbá.”

“Èmi tí mi ò mọ̀ ọ́n rí rèé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. O sì fi ìyá tó bí i sílẹ̀ láìsọ fún un. Nítorí kí ni, Emrys?”

“Nítorí yín, Bàbá. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀.”

“Lọ pe nọ́ọ̀sì yẹn,” ni Ithel wí. “Ní báyìí báyìí.”

Wọ́n tẹ wáyà náà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìyá Merritt dé ní ọ̀sán ọjọ́ kejì. Ọmọ náà ti kú ní àfẹ̀mọ́júmọ́, ọwọ́ rẹ̀ nínú ọwọ́ Ithel.

Obìnrin náà kò pariwo. Ó bi nọ́ọ̀sì pé, “Ṣé ó sọ nǹkan kan?”

“Ó jí díẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, mà. Mo bi í lórúkọ, ó ní Pugh. Mo ní ta ni ká bá a pè, ó ní ká má pe ẹnì kankan. Ó wá ń sunkún.”

Ìyá náà yíjú sí Emrys.

“Ẹ̀yin lẹ ń jẹ́ Pugh?”

“Èmi ni, mà.”

“Lọ́jọ́ Ajé tó jí yẹn, níbo lẹ wà?”

“Ibi iṣẹ́, mà.”

“Ṣé ó jìn síbí ni?”

“Kò jìn, mà.”

Ìyá náà bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ ọmọ rẹ̀. Emrys ní kí ó jẹ́ kí òun bá a gbé pósí ọmọ náà dé ọkọ̀ ojú irin. Obìnrin náà ní rárá, àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ yóò gbé e.

Emrys pẹ́ láyé ní Corwin Falls, kò sì sí ẹni tí ó bá a wí. Bí àwọn ọ̀dọ́ bá ń sọ ní ilé ọtí pé kò sí ẹni tí ó tíì sáré bí Pugh rí, yóò ní, “Merritt Sayle ló ń jẹ́.” Ẹnì kan yóò sì mú ọ̀rọ̀ mìíràn wá.