Etí Ló Di, Bàbá Mi Kò Di Etí

Ó dìgbà o, Bàbá mi, ògbólógbòó onípákó Kàbà, ọkọ ìyá mi, ẹlẹ́rìn-ín ẹ̀yẹ! Èmi Dúpẹ́ ọmọ yín ni mò ń pè. Lónìí ni mo kọ́kọ́ pè yín láìkígbe, ẹ ò sì dá mi lóhùn. Ó dùn mí wọ egungun.

Ẹ̀rọ ìlagi ló gba etí yín. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ fi dúró tì í, tó ń han yín létí láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Màmá á ní kí ẹ gbé àga wá, ẹ̀yin á yí àgbá wọlé. Ará ìlú á kí yín pé, "Okun o!" ẹ̀yin á ní pákó ti tán. A máa ń rẹ́rìn-ín títí, ẹ̀yin náà á sì bá wa rín in láìmọ ohun tó ń pa wá lẹ́rìn-ín. Ohun kan ṣoṣo lẹ ò gbà: kí ẹnikẹ́ni sọ pé ẹ di etí. Ẹ máa ń sọ pé, "Etí mi ló di. Èmi ò di etí." Ọmọ tí wọ́n bá rán níṣẹ́ tó kọ etí ikún, òun gan-an lẹ̀ ń pè ní adití.

Bàbá, ẹ rántí ọjọ́ tí àwọn ará ilé Yísúfù wá tọrọ mi. Ẹ̀gbọ́n yín, Bàbá Ògìdì, dìde, ó ní ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì kì í lọ sílé ìmàle, pé àwọn ò ní fi mí fún wọn. Ọkàn mi já. Ibẹ̀ ni ẹ̀yin ti gbé ọwọ́ sókè, tẹ̀ríntẹ̀rín, ẹ ní, "Kí Ọlọ́run sọ ilé wọn di ilé ayọ̀." Àwọn àna ò jẹ́ kó tutù. Wọ́n ṣe àmín, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bàbá Ògìdì pariwo pé, "Etí rẹ̀ ló di! Kò mọ ohun tó ń ṣàdúrà sí!" Ṣùgbọ́n àwọn àgbà tó jókòó ní àdúrà tí bàbá bá ti gbà lé ọmọ lórí, ẹnì kan kì í fà á padà. Bí mo ṣe relé ọkọ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Bàbá Ògìdì ò kúrò lọ́kàn mi. Bí èmi àti Yísúfù bá ti ní gbólóhùn asọ̀ pẹ́nrẹ́n, màá ní bóyá àṣìgbọ́ ni wọ́n fi fún mi lọ́kọ. Ẹ̀rù bà mí láti bi yín léèrè, torí bí ẹ bá ní ẹ ò fọwọ́ sí i ńkọ́?

Ọ̀gbẹlẹ̀ tó kọjá ni mo tó gbójú. A jọ ń bó ẹ̀gúsí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo fi ẹnu mọ́ etí òsì yín tó ṣì ń gbọ́ díẹ̀, mo bi yín bóyá ẹ gbọ́ ohun tí ẹ̀gbọ́n yín sọ lọ́jọ́ ìtọrọ. Ẹ wò mí tìyanutìyanu. Ẹ ní, "Kí ló sọ?" Mo sọ ọ́. Ẹ ní, "Èmi ò gbọ́ o, ọmọ mi. Ojú rẹ ni mò ń wò. Mo rí ohun tí ò ń fẹ́, òun ni mo tọrọ fún ọ."

Mo sunkún lórí ẹ̀gúsí náà. Ẹ ní kí n má fi omi bà á jẹ́.

Yísúfù yóò wà lára àwọn tó máa gbé yín relé ìkẹyìn. Bàbá Ògìdì fúnra rẹ̀ ló ní kó di iwájú mú. Ó ní ọmọ kì í gbé bàbá rẹ̀ láti ẹ̀yìn.

Sùn re o, bàbá tó wo ojú mi. Sùn re o.