Òwú Pupa Lọ́rùn Ìgò

Nígbà tí mo ṣì kéré débi pé mo ní láti gun àpótí kí n tó rí ohun tó wà lórí tábìlì, ìgò ni iṣẹ́ mi. Ẹ̀yin ọmọ òde òní, ẹ̀yin tí ẹ ń ra oògùn nínú páálí, ẹ lè má mọ̀ pé nígbà kan rí, ẹni tó bá ń lọ gba oògùn olómi, òun ló ń mú ìgò tirẹ̀ dání láti ilé. Ìgò ọtí, ìgò òróró, èyí tí oníkálukú bá rí. Ní Àgùdà, nínú ilé tí wọ́n bí mi sí, èmi ni mo ń gba àwọn ìgò yẹn. Mo ń fọ̀ wọ́n, mo ń sè wọ́n nínú ìkòkò ńlá kan lẹ́yìnkùlé, mo sì ń dojú wọn dé sórí aṣọ funfun títí wọ́n á fi gbẹ.

Dókítà obìnrin kan ló gba iyàrá iwájú ilé wa. Láàárín ọ̀sẹ̀, ilé ìwòsàn ìjọba ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ní gbogbo Sátidé, láti aago méje àárọ̀ títí di aago méjì ọ̀sán, wọ́n á ṣí ilẹ̀kùn iyàrá yẹn sílẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n á wò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Dókítà Sátidé ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n, bíi ti màmá mi, tí wọ́n ń rán aṣọ nínú iyàrá tó tẹ̀ lé tiwọn. Ọ̀dọ̀ màmá mi ni òwú ti ń wá.

Òwú yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ fọkàn sí. Ọ̀pọ̀ àwọn ìyá tó ń wá kò mọ̀wé. Ohun yòówù kí èèyàn kọ sára ìgò, ojú omi ló ń kọ ọ́ sí. Nítorí náà, Dókítà Sátidé ní kí n máa so òwú mọ́ ọrùn ìgò kọ̀ọ̀kan. Òwú pupa ni ti ọmọdé. Òwú funfun ni ti àgbà. Òwú dúdú ni ti oògùn ìpara, tí kò gbọdọ̀ kan ẹnu ẹnikẹ́ni. Wọ́n á gbé ìgò náà sókè, wọ́n á bi ìyá ọmọ léèrè pé, "Àwọ̀ wo lẹ rí yìí? Ta ló ni ín?" Bí ìyá náà kò bá dáhùn bó ṣe yẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìgò náà kò ní kúrò nínú ilé.

Obìnrin kan tó ń ta èédú ní ìkángun àdúgbò wa kì í fẹ́ gbọ́ ìbéèrè yẹn rárá. Á ní, "Pupa, Dókítà, pupa, ti ọmọdé! Ṣé ẹ rò pé èéfín ti fọ́ mi lójú ni?"

Dókítà á rẹ́rìn-ín. "Ojú yín ò fọ́, ìyá. Etí tèmi ló di. Ẹ tún un sọ."

Nígbà ìsinmi kan, akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn kan wá ràn wọ́n lọ́wọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn tí Dókítà fúnra wọn ti jáde lòun náà wà, kì í ṣe ní Èkó níbí. Wọ́n lọ kóòtù funfun rẹ̀ débi pé etí rẹ̀ lè gé èèyàn lọ́wọ́. Sátidé mẹ́ta ló wá. Mo kà á, ẹ̀yin náà ẹ bá mi kà á mọ́ orí. Ẹ ó sì ti rí i pé obìnrin yẹn ni mo ń pè ní "wọ́n", ọkùnrin yìí ni mo ń pè ní "ó", bó tilẹ̀ ṣe pé ó jù mí lọ dáadáa. Mo mọ̀ ọ́n mọ̀ ṣe é ni.

Ní Sátidé kẹta yẹn, òwú dúdú fẹ́ tán. Mo ti so gbogbo ìgò ọjọ́ náà, Dókítà sì ti bu oògùn sí wọn, kí màmá mi tó ní kí n tẹ̀ lé àǹtí mi lọ sí Ọ̀yìngbò láti ra òmíràn. Lẹ́yìn tí a lọ tán ni wọ́n wá pe Dókítà sí obìnrin kan tó ń rọbí ní àdúgbò kejì. Wọ́n fi akẹ́kọ̀ọ́ náà ti àwọn ìgò. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ kò ju kí ó máa pín wọn, kí ó sì máa bi àwọn ìyá léèrè àwọ̀.

Kò bi ẹnikẹ́ni. Ó mú sísọ́ọ̀sì, ó gé gbogbo òwú náà kúrò, ó lẹ ìwé mọ́ ara ìgò, ó sì kọ òyìnbó sí i. Ó wá tò wọ́n sórí tábìlì, ó ní kí oníkálukú mú tirẹ̀. Màmá mi wá gba oògùn ikọ́ àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́ta. Wọ́n bi í pé, "Dókítà kékeré, òwú dà?"

Ó ní, "Ìyá, ẹ ka ohun tí mo kọ. Ọ̀rọ̀ òwú, ti ará oko nìyẹn."

Ìgò méjì tó jọra wà níbẹ̀. Màmá mi, tí kò mọ̀wé, mú ọ̀kan. Oògùn ìpara tí wọ́n fi ń pa orúnkún ìyá onílé wa ló wà nínú rẹ̀. Ṣíbí méjì ni wọ́n fi fún àbúrò mi.

Nígbà tí mo ti Ọ̀yìngbò dé, ariwo ni mo bá. Àbúrò mi ń bì, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ajá tó sáré, ojú rẹ̀ ti yí padà. Màmá mi ń ké pé òwú ni kò sí lọ́rùn ìgò. Akẹ́kọ̀ọ́ náà na ìka sí mi. "Ọmọbìnrin yìí ló tú u. Mo rí i tó ń fi í ṣeré láàárọ̀." Kí n tó sọ òwú Ọ̀yìngbò kalẹ̀, màmá mi ti gbá mi létí, gbogbo rẹ̀ sì dà sílẹ̀.

Ojú ẹsẹ̀ yẹn ni Dókítà Sátidé dé. Wọn kò bi ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun. Wọ́n gbé àbúrò mi lé èjìká. Bí wọ́n ṣe ń jáde lọ, ojú wọn bọ́ sínú abọ́ irin tó wà lẹ́sẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ náà. Òwú pupa, funfun àti dúdú ló kún inú rẹ̀, kókó tí mo ta sì wà lára wọn síbẹ̀. Ẹni tó ń fi òwú ṣeré á tú kókó, kì í fi sísọ́ọ̀sì gé e. Dókítà wo abọ́ náà, wọ́n wo akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n sì wọ takisí lọ sí ilé ìwòsàn.

Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ yẹn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, wọ́n gbé e padà wálé, ó yè. Nínú ọ̀ọ̀dẹ̀ wa, níṣojú gbogbo ayálégbé, Dókítà Sátidé kúnlẹ̀ fún màmá mi. Dókítà tó kàwé kúnlẹ̀ fún aránṣọ! Wọ́n ní, "Iyàrá mi ni. Èmi ni mo fi í síbẹ̀. Ẹ má bá ọmọbìnrin yín wí mọ́. Èmi ni kí ẹ bá wí."

Akẹ́kọ̀ọ́ ńkọ́? Láti ọ̀sán Sátidé ló ti gbé báàgì rẹ̀. Kò padà wá, kò sì ránṣẹ́ béèrè bóyá ọmọ náà kú tàbí ó yè.

Dókítà Sátidé ti kú, ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá. Àwọn obìnrin àdúgbò wa kún ilé lọ́jọ́ tí a sin wọ́n. N kò rí ẹgbẹ́ dókítà kankan níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti àìpẹ́ yìí. Èmi náà ń rán aṣọ, ní iwájú ilé yẹn kan náà. Àwọn ọ̀dọ́ méjì kan wọlé tọ̀ mí wá, ọkùnrin kan, obìnrin kan, wọ́n múra dáadáa.

Obìnrin náà ní, "Ẹ káàsán o, Mọ́mì. Ṣé ẹ̀yin lẹ dàgbà sínú ilé yìí? Ilé tí dókítà kan ti ń wo aláìsàn lọ́fẹ̀ẹ́?"

Inú mi dùn. Mo rò pé ẹnì kan ti rántí Dókítà Sátidé. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo fún wọn ní àga. Wọ́n ní ẹgbẹ́ àwọn tó jáde nílé ẹ̀kọ́ ìṣègùn báyìí báyìí fẹ́ bu ọlá fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn tí iṣẹ́ wọn yọrí, tí wọ́n sì sin ìlú. Wọ́n mú ìwé ètò jáde. Àwòrán ọkùnrin ni mo rí. Irun ti funfun, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti kún, ṣùgbọ́n ojú akẹ́kọ̀ọ́ yẹn náà ni.

Ìwé mẹ́wàá ni mo kà nílé ẹ̀kọ́, mo sì máa ń ka nǹkan títí dé ìparí. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé láti ìgbà tó ti wà ní akẹ́kọ̀ọ́ ló ti dá ibi ìwòsàn ọ̀fẹ́ sílẹ̀ ní Àgùdà. Wọ́n ní ọ̀pọ̀ ọdún ló fi sin àwọn tálákà níbẹ̀. Wọ́n tún ní òun ló ronú kan ọgbọ́n síso òwú aláwọ̀ mọ́ ìgò oògùn nítorí àwọn ìyá tí kò mọ̀wé. Òwú! Òwú tó fi sísọ́ọ̀sì gé! Ó ṣe mí bí ẹni gbé eṣinṣin mì. Itọ́ kún ẹnu mi, mo sì dìde lọ tu ú sí gọ́tà.

Mo bi wọ́n pé, "Ta ló kọ gbogbo èyí?"

Ọkùnrin náà ní, "Àwọn fúnra wọn ni, Mọ́mì. Ẹni tó bá fẹ́ gba àmì ẹ̀yẹ ló ń kọ ohun tó ṣe sínú fọ́ọ̀mù."

Wọ́n ní èmi ni màá gbé àmì ẹ̀yẹ náà lé e lọ́wọ́, nítorí mo wà lára àwọn tó tọ́jú. Wọ́n tilẹ̀ ti kọ ohun tí màá sọ sórí ìwé pélébé kan. Nígbà tí mo sọ fún àbúrò mi, tó ń ṣe mẹkáníìkì ní Mushin báyìí, ẹ̀rín pa á. "Ẹ bá mi kí i, Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ní adùn oògùn rẹ̀ kò tíì kúrò lẹ́nu mi." Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ le. "Ẹ má lọ. Ọ̀rọ̀ náà ń rùn."

Mo lọ. Inú gbọ̀ngàn kan ní Yaba ni. Ìríra ibẹ̀ pọ̀ ju èyí tí mo gbé láti ilé lọ. Ohun tí oníkálukú kọ nípa ara rẹ̀ ni atọ́kùn ètò ń kà bí ẹni ń kéde ọba. Dókítà àgbàlagbà kan wà níbẹ̀ tó ti lo ayé rẹ̀ ní abúlé kan tí ọkọ̀ kì í dé. Ìlà méjì péré ló kọ sínú fọ́ọ̀mù tirẹ̀. Wọ́n sáré kà á, wọ́n ní kó ṣe kíá kó sọ̀kalẹ̀. Òun nìkan ni mo pàtẹ́wọ́ fún.

Ó wá kan tèmi. Wọ́n gbé àmì ẹ̀yẹ lé mi lọ́wọ́, wọ́n fún mi ní gbohùngbohùn. Ọkùnrin náà dúró níwájú mi, ó ń rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà. N kì í sọ̀rọ̀ láwùjọ. N kò ka ìwé pélébé wọn. Mo ní, "Dókítà, ìbéèrè kan ni mo ní. Òwú pupa lọ́rùn ìgò, ti ta ni?"

Kò tilẹ̀ dúró rò ó. Ó gba gbohùngbohùn, ó kọjú sí àwùjọ. "Pupa ni àmì ewu! Ìgò tó bá ní òwú pupa, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mu ún!"

Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Àwọn mìíràn dìde dúró. Àwọn dókítà ni gbogbo wọn, wọ́n sì ń pàtẹ́wọ́ fún ìdáhùn tí Dókítà Sátidé kò ní tìtorí rẹ̀ jẹ́ kí ìgò kan kúrò nínú ilé.

Mo gba gbohùngbohùn padà. "Pupa ni ti ọmọdé," ni mo wí. "Dúdú ni ti ìpara. Dókítà obìnrin ló ni iyàrá, àwọn ló ni ọgbọ́n òwú. Sátidé mẹ́ta ni ẹ wá, ẹ̀yin lẹ sì gé òwú náà."

Atọ́kùn ti já a gbà lọ́wọ́ mi. "Ẹ ṣeun, Màmá! Àgbà ń rántí nǹkan o!" Wọ́n sì fi orin sí i. Mo gbé àmì ẹ̀yẹ náà sórí àga, mo yíjú láti máa lọ. Ìgbà yẹn ni ọkùnrin náà tẹ̀ sí etí mi. Ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀.

"Ìwọ lọmọ onígò yẹn." Ó wo ibi tí kámẹ́rà wà. "Ọmọ kékeré yẹn… ṣé ó yè?"

Ẹ gbọ́ ná. Láti kékeré mi títí mo fi hu ewú, ọkùnrin yìí kò mọ̀ bóyá ó pa ọmọ tàbí kò pa á. Kò sì béèrè. Pẹ̀lú àìmọ̀ yẹn ló fi jókòó, tó mú bíírò, tó sì kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé òun sin Àgùdà.

Mo ní, "Ilé náà ṣì wà níbẹ̀. Gbogbo Sátidé ni ọmọ yẹn máa ń wá kí mi. Ẹ wá bi í fúnra yín."

Mo sì bọ́ síta.

Ayé ti yí, ẹ̀yin ọmọ mi. Nígbà èwe mi, ẹni tí kò jẹ̀bi ló kúnlẹ̀ nínú ọ̀ọ̀dẹ̀ wa. Lónìí, ẹni tó jẹ̀bi ló dúró kí wọ́n ya òun ní fọ́tò. Mo sọ fún àbúrò mi pé mo ti pe ọkùnrin náà. Ó ń wá ní Sátidé, ó ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì àtijọ́ yẹn, ó ń wo ojú títì, ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé àlejò mi dà.

Sátidé mẹ́sàn-án ti kọjá báyìí. Mo ń kà á. Kò tíì wá.