Ọjọ́ Tí A Sọ̀kalẹ̀ Níwájú Ẹ̀rọ Ayàwòrán

Mo fi ìbúra bẹ̀rẹ̀: kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú ohun tí mo kọ síhìn-ín tí kì í ṣe òtítọ́. Ojú mi ni ó ṣe, ẹnu mi sì wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yin àbúrò tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ẹ̀kọ́ wa ti gbọ́ pé a da iṣẹ́ sílẹ̀ fún àwọn oní-fíìmù nígbà kan, àwọn mìíràn nínú yín sì ń pè wá ní akọni. Mo fẹ́ kí ẹ mọ bí ó ti rí gan-an kí ẹ tó tún pè wá bẹ́ẹ̀.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí Dàhòmì gba òmìnira ni, nígbà ọyẹ́, tí a ti wa iṣu oko wa ní Kèrè tán. Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Abúlé wa wà lókè àpáta, níbi tí àwọn baba ńlá wa sá gùn nígbà ogun. Ó ti pẹ́ tí ìjọba ti ń wí pé kí a sọ̀kalẹ̀ wá kọ́lé sí ẹ̀bá ọ̀nà Parakou. Àwọn àgbà kò jà, wọn kò sì pariwo. Wọ́n kàn ń dáhùn pé àwọn ṣì ń rò ó.

Olùkọ́ wa, Mẹ́tìrì Adékàmbí, jẹ́ ọmọ abúlé náà. Ó kọ ìtàn kan nípa ọjọ́ iwájú sínú káyé mẹ́ta, ìwé ìkọ̀wé tí ó nípọn. Faransé ni ó fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ tí a kì í lọ sí kíláàsì, èdè tiwa ni ó fi ń kà á fún wa. Nínú káyé kìíní, ọ̀dá mú, àwọn ará òkè sọ̀kalẹ̀ lọ wá omi. Nígbà tí wọ́n padà gòkè, wọ́n bá ọkọ̀ kan tí ó ti inú ìràwọ̀ wá lórí àpáta. Nínú káyé kejì, àwọn ará ìràwọ̀ àti àwọn ará òkè kọ́ èdè ara wọn. Nínú ìkẹta, àwọn ará ìràwọ̀ wí pé ayé yìí ń gbẹ, kí gbogbo ènìyàn bá àwọn lọ sí ayé mìíràn. Àwọn ará òkè kọ̀. Gbólóhùn tí ó kẹ́yìn ni: "Ọkọ̀ náà gbéra lófìfo, àwa sì padà sí ìdí ààrò wa."

Mìsíè Rẹné, ọkùnrin Kútọ̀nù kan tí ó kọ́ iṣẹ́ fíìmù ní ìlú òyìnbó, gbọ́ nípa àwọn káyé náà, ó sì wá. Ó ní fíìmù mẹ́ta ni òun yóò fi ṣe. Mẹ́tìrì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kan ṣoṣo fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó wí fún wa pé, "Ẹ̀yin ọmọ, àpáta wa yóò dé ibi tí ẹsẹ̀ wa kò lè dé." Alájì Ráájì, oníṣọ́ọ̀bù ọjà ìsàlẹ̀, yá wọn ní àgbá epo àti páànù tuntun láti fi kan ọkọ̀ ìràwọ̀. Ojoojúmọ́ ni ó ń gun òkè wá wò ó. "Páànù mi tí ń lọ sí ìràwọ̀ yìí," ni ó ń wí, "ẹ dákun, ẹ má lù ú ní ìṣó jù. Òrùlé ni yóò padà wá jẹ́."

Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, Mìsíè Rẹné ní kí a ṣe ibi tí ọ̀dá ti mú. Èmi ni mo ń túmọ̀ Faransé rẹ̀ fún àwọn àgbà, inú mi sì dùn sí iṣẹ́ náà ju bí ó ti yẹ lọ. Ó ní kí a gbé ìkòkò, kí a ká ẹní, kí a pọn ọmọ. Lẹ́yìn náà ó ní kí olúkúlùkù ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa.

Ìyá àgbà mi dúró pẹ̀lú ẹní lórí. "Marí, bi í fún mi. Ta ní ń ti ilẹ̀kùn nítorí omi?"

Mo bi í. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ó dùn ún wò bẹ́ẹ̀.

"Ó ní fíìmù ni, Ìyá àgbà."

"Mo mọ̀ pé fíìmù ni. Ẹní ńkọ́? Ṣé inú ẹní ni a ó pọn omi sí?"

Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Ojú tì mí níwájú àlejò. "Ìyá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dójú tì wá. Ẹ ṣáà tì í."

Ó tì í. Bí a ti ń sọ̀kalẹ̀, Mìsíè Rẹné ní kí ó bojú wẹ̀yìn wo ilé rẹ̀. Ó bojú wẹ̀yìn, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀. Ó sọ fún mi nígbà tí ó ṣe pé ọjọ́ tí wọ́n gbé òkú bàbá àgbà jáde nìkan ni òun ti ilẹ̀kùn yẹn rí.

Nígbà tí a dé ìsàlẹ̀, Ìyá àgbà ní kí n béèrè ìgbà tí a ó padà gòkè, nítorí pé wọ́n padà nínú ìtàn. Mìsíè Rẹné kò dúró dè mí. Ó ti kọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú èdè wa. "Lọ́la, Ìyá," ni ó wí. Lọ́jọ́ kejì, nǹkan mìíràn ni wọ́n yà. A fi ẹsẹ̀ ara wa gòkè lọ sùn, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rọ kankan tí ó rí wa.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, wọ́n tú ọkọ̀ ìràwọ̀ náà, wọ́n sì lọ tún un kàn sí ìsàlẹ̀ òkè. Alájì ní páànù òun ń rìnrìn-àjò ju òun lọ. Lọ́jọ́ yẹn ni mo rí ìwé tí wọ́n ń tẹ̀ lé lórí àpótí kan, mo sì ka ìparí rẹ̀. Gbogbo ará òkè wọ inú ọkọ̀. Òkè ṣófo.

Mo sáré lọ bá Mẹ́tìrì. Òun náà lọ bá Mìsíè Rẹné, mo sì tẹ̀ lé e.

"Kì í ṣe ohun tí mo kọ nìyí, Mìsíè."

"Mẹ́tìrì, ta ni yóò sanwó láti wo ènìyàn tí ó jókòó sílé rẹ̀?"

"Ìjọba ń lé wa kúrò lórí òkè yìí. Ṣé ẹ kò mọ̀ ni?"

"Èmi kì í ṣe ìjọba. Fíìmù ni mo ń ṣe."

Mẹ́tìrì pe gbogbo abúlé jọ sábẹ́ igi máńgòrò. Ó ní kí a dìbò bí ará ìlú olómìnira: ẹni tí ó bá fẹ́ ìparí inú káyé, kí ó sọ àgbàdo sínú akèrègbè, ẹni tí ó bá fẹ́ ti Mìsíè Rẹné, kí ó sọ ẹ̀wà. Alájì náà ní òun yóò dìbò. "Ẹ kì í ṣe ará òkè," ni ẹnìkan wí. Ó dáhùn pé, "Páànù mi gbé níbẹ̀ fún oṣù kan." A gbà fún un. Nígbà tí a da akèrègbè náà, ẹ̀wà mẹ́ta péré ni ó wà nínú àgbàdo. "Ebi ni ó ń pa àwọn yẹn," ni ìyá àgbà mi wí, "ẹ dá a padà fún wọn kí wọ́n sè é."

Bí a ṣe da iṣẹ́ sílẹ̀ nìyẹn. Fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹnikẹ́ni kò bá wọn gbé ẹrù, ẹnikẹ́ni kò pọn omi fún wọn. Alájì kò ta kẹrosíìnì fún wọn. A jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé wa, a ń kọrin. N kò tíì láyọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Ní ọjọ́ kẹta, Mìsíè Rẹné wá sí àgbàlá ilé ẹ̀kọ́. Kò bínú.

"Mẹ́tìrì, mo wá sọ pé ó dàbọ̀."

"Ẹ kò tíì parí. A kò sì ní ṣe ìparí yẹn fún yín."

"Ẹ ti ṣe é. Láti ọ̀sẹ̀ kìíní. Ìyá àgbà yẹn, bí ó ti bojú wẹ̀yìn! Mi ò lè rí irú rẹ̀ mọ́."

"Omi ni wọ́n ń lọ wá!"

"Ẹni tí ó ń sọ̀kalẹ̀ ń sọ̀kalẹ̀ ni, Mẹ́tìrì. Èmi ni mo ń sọ ibi tí ó ń lọ."

A ti rò pé bí a ti ń pa ìtàn, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ni a ṣe ń ya fíìmù, pé ẹni tí ó bá dúró gbọin ní ìparí yóò rí ìparí gbà. A lọ dúró síbẹ̀, gbogbo wa, pẹ̀lú orin lẹ́nu. Wọ́n ti gbé e kọjá lẹ́yìn wa.

Lẹ́yìn ọdún kan, wọ́n gbé fíìmù náà wá ní ọjọ́ Àìkú kan lẹ́yìn ìsìn Máàsì, a fi ẹní bo fèrèsé kíláàsì. Apá kẹta nìkan ni wọ́n gbé wá. Títí di òní a kò rí ìkíní àti ìkejì. Òṣìṣẹ́ ìjọba kan, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó mọ ọ̀wọ̀, bá wọn wá. Àwọn ènìyàn kọ́kọ́ ń hó nígbà tí wọ́n rí ewúrẹ́ wọn lára aṣọ funfun. Lẹ́yìn náà ni a rí ilẹ̀kùn tí a ń tì. A rí ìyá àgbà mi tí ó bojú wẹ̀yìn tí ó ń sunkún.

Òṣìṣẹ́ náà dìde, ó ní kí n túmọ̀: "Ẹ ṣeun. Ẹ rí i pé ẹ ti sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ kò sì kú."

"Omi ni a lọ bù!" ni bàbá kan kígbe.

"N kò rí omi níbẹ̀, Bàbá."

Mo túmọ̀ èyí náà. Òtítọ́ ni: kò sí omi kankan níbẹ̀.

Kí ni a jèrè? Alájì gba páànù rẹ̀ padà, pẹ̀lú ihò ìṣó. A mọ̀ pé a lè pa ohùn pọ̀. Akèrègbè ìdìbò náà ṣì wà nínú yàrá Mẹ́tìrì. Ṣùgbọ́n Mẹ́tìrì kì í kàwé fún ẹnikẹ́ni ní Ọjọ́bọ̀ mọ́. Lẹ́tà mẹ́ta ni ó kọ sí Mìsíè Rẹné, kò rí èsì. Ìjọba gbẹ́ kànga ẹlẹ́rọ sí ìsàlẹ̀, wọn kò gbẹ́ ọ̀kan sókè, ìdílé sì ń tẹ̀ lé ìdílé sọ̀kalẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ó kọjá, ẹsẹ̀ ìyá àgbà mi kò gbé e lọ síbi omi mọ́, a sì gbé e sọ̀kalẹ̀. Èmi ni mo ti ilẹ̀kùn náà. Kò bojú wẹ̀yìn lọ́tẹ̀ yìí.

Ó ń gbé inú yàrá onípáànù lẹ́bàá ọ̀nà báyìí. Bí mo bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé, ó máa ń na ọwọ́ sí òkè náà, ó sì máa ń bi mí, nítorí pé èmi ni ògbufọ̀: "Marí, ọ̀la tí ọkùnrin yẹn wí, ṣé kò tíì pé ni?"